Àgbọ̀n mi ń dún, ó sì ń dùn mí: ṣé kí n jẹ́ kí wọ́n ha eyín mi?

Ẹnudídì

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sùúrù kà á, ó gùn díẹ̀.

Ó ti tó ọdún 6 tí oríkèé àgbọ̀n mi lápá òsì, níwájú etí gan-an, ti máa ń dún kọ́ bí mo bá lanu. Kò dùn mí, mi ò sì kà á sí. Àwọn ọmọ ilé ló máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé àwọn ń gbọ́ ẹnu mi láti yàrá kejì. Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni nǹkan yí padà. Mo jí lọ́jọ́ kan, mo fẹ́ yán, àgbọ̀n kọ̀. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn ń ti ilẹ̀kùn tí ẹnìkan fẹ̀yìn tì láti inú. Láti ọjọ́ náà, ìka méjì péré ló ń wọ ẹnu mi láàárọ̀, ẹ̀bátí ń fọ́ mi, etí òsì ń ro mí bíi pé kòkòrò wọ̀ ọ́.

Etí ni mo kọ́kọ́ tọ́jú. Wọ́n kán oògùn sí i fún ọ̀sẹ̀ méjì kí dókítà etí tó wò ó wò ó, tó ní etí mi mọ́ tónítóní, kí n lọ rí oníṣègùn eyín. Ẹni tí mo wá lọ bá ní eyín mi kò pàdé dáadáa. Ó ní òun yóò fi ẹ̀rọ ha mẹ́rin, òun yóò dé méjì lórí, kí òkè lè bá ìsàlẹ̀ mu, àti pé bí mi ò bá tètè ṣe é, iṣẹ́ abẹ ló kàn. Owó ibẹ̀ kò kéré, ṣùgbọ́n owó kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù. Eyín tí kò dùn mí ni wọ́n fẹ́ ha! Ṣé kí n gbà?

Arìnrìnòru

Ẹ kò dá wà níbẹ̀ o. Apá ọ̀tún ni tèmi. Bí mo bá ń jẹun, àwọn tó jókòó tì mí á ní kí ni mò ń fọ́ lẹ́nu. Mo ti fa àga mi sún mọ́ ibí, mò ń gbọ́.

BàbáEyín

Ẹ má gbà. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi ìyẹn ṣíwájú, torí ó ṣeé ṣe kí ẹ má ka èyí tó kù tán.

Ọdún 31 ni mo fi ṣe iṣẹ́ eyín kí n tó fẹ̀yìntì, èmi náà sì ti ha eyín èèyàn nítorí irú ìrora yìí nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa nìyẹn. Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́. Ní 1934, James Costen, dókítà etí, imú àti ọ̀fun kan ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa àwọn tí etí ń ro tí àgbọ̀n sì ń dùn. Ó ní eyín ẹ̀yìn tí wọ́n ti pàdánù ló fà á, pé ẹnu wọn ń pa dé ju bó ṣe yẹ lọ. Àwa oníṣẹ́ eyín gbá ọ̀rọ̀ yẹn mú bí ẹni rí ogún bàbá rẹ̀. Láti ìgbà náà la ti ń ha, tí à ń dé, tí à ń fi wáyà tún eyín tò. Nígbà tí àwọn olùwádìí wá yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, wọ́n rí i pé ọ̀pọ̀ tí eyín wọn wọ́ ṣákaṣàka ni kò mọ ìrora àgbọ̀n rárá, ọ̀pọ̀ tí eyín wọn sì tò bí ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn kò lè sùn lóru. Wọ́n ní ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Eyín tí wọ́n bá ti fi ẹ̀rọ ha náà, ẹyin tó balẹ̀ ni.

Ẹ fi ìka ìtọ́ka méjèèjì síwájú etí yín, kí ẹ la ẹnu díẹ̀díẹ̀. Ẹ ó rí i pé egungun kan kọ́kọ́ yí lójú kan, lẹ́yìn náà ó yọ̀ síwájú. Tìmùtìmù tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà láàárín egungun yẹn àti agbárí, ó sì yẹ kí àwọn méjèèjì jọ máa rìn. Bí tìmùtìmù bá ti yọ̀ ṣíwájú díẹ̀, egungun á ní láti gun orí rẹ̀ nígbà tí ẹ bá lanu. Ibi tó ti gùn ún ló ń dún kọ́. Bí ẹ bá pa ẹnu dé, ó tún lè yọ̀ kúrò, á tún dún. Àìmọye èèyàn ni àgbọ̀n wọn ń dún títí ayé wọn láìsí ìrora. Ìró tí kò bá dùn, tí kò sì há ẹnu, kò nílò oògùn, torí kì í ṣe àìsàn.

Èyí tó burú ni kí egungun máà lè gun tìmùtìmù yẹn mọ́. Ẹnu á há lójijì, ìró tó ti ń dún láti ọjọ́ pípẹ́ á sì dákẹ́. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ bi yín: ṣé kọ́ yẹn ṣì ń dún? Ìgbà wo ló ń dùn jù, àárọ̀ ni àbí ìrọ̀lẹ́? Ṣé ẹnu ń là sí i bí ọjọ́ ti ń lọ? Ṣé ibà ń ṣe yín, ṣé ẹ̀rẹ̀kẹ́ wú, ṣé ojú kú lára?

Ẹnudídì

Bàbá, ẹ ṣé gan-an ni. Kọ́ yẹn ṣì ń dún. Àárọ̀ ló burú jù. Tó bá fi máa di ọ̀sán, ẹnu á ti rọ̀ díẹ̀, ìka mẹ́ta á fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ̀ ọ́. Ìrọ̀lẹ́ ni ẹ̀bátí tún máa ń gbà á, pàápàá tí mo bá ti jókòó sídìí kọ̀ǹpútà pẹ́. Kò sí ibà, kò sí ibi tó wú, kò sí ibi tó kú. Ẹni tá a jọ ń sùn ní mo máa ń payínkeke lóru, mo rò pé ó ń bú mi ni.

BàbáEyín

Kò bú yín. Ẹ fi ọwọ́ lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ kí ẹ di eyín mọ́ra. Ohun tó yọ gàgà sí yín lọ́wọ́ yẹn ni iṣan tí ẹ fi ń jẹun. Èkejì rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ sí ẹ̀bátí. Bí ẹ bá ń fi wọ́n ṣiṣẹ́ tọ̀sán tòru, wọ́n á máa ro yín bí ẹsẹ̀ ẹni tó rìn láti àárọ̀. Ìrora iṣan ló pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń gbé wá sọ́dọ̀ wa tí wọ́n ń pè ní ìrora oríkèé. Ẹnu tó há láàárọ̀ tó sì ń là bí ọjọ́ ti ń lọ, iṣan ló fi jọ jù. Síbẹ̀, kí dókítà fọwọ́ kàn yín kí ó tó dá yín lójú. Fífọwọ́ tẹ̀ ẹ́ àti fífi rúlà wọn bí ẹnu ṣe là tó ni ìpìlẹ̀ àyẹ̀wò. Mìlímítà 40 tàbí jù bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí ẹnu àgbàlagbà là, láti eyín iwájú òkè sí tìsàlẹ̀. X-ray á fi egungun hàn yín, kò ní fi tìmùtìmù hàn. MRI, àwòrán inú ara tí wọ́n ń fi agbára òòfà yà, ló ń fi ìyẹn hàn, gbogbo èèyàn kọ́ sì ló nílò rẹ̀.

Fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ná: oúnjẹ tó rọ̀, kí ẹ gé e wẹ́wẹ́. Ẹ pa ṣingọ́ọ̀mù tì pátápátá, ẹ má fi eyín fọ́ omi dídì, ẹ má jẹ èékánná. Tí yíyán bá dé, ẹ fi ìkúùkù ti àgbọ̀n nísàlẹ̀ kó má baà là tán. Aṣọ tí ẹ rì sínú omi gbígbóná tí ẹ sì fún, ẹ fi lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ fún ìṣẹ́jú 15 sí 20, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́. Ibuprofen fún ọjọ́ díẹ̀ lè ràn yín lọ́wọ́, bí inú kò bá ń ta yín, tí kíndìnrín yín sì dá, tí ẹ kò lóyún. Kì í ṣe ohun tí à ń lò lóṣooṣù.

Kánmọ́kánmọ́

Ẹ má bínú, gbogbo aṣọ gbígbóná yìí, ìyá àgbà ni wọ́n fi ń tàn jẹ. Odindi ọdún kan ni mo fi gbóná tí mo fi tutù. Ní ìgbẹ̀yìn mo gba abẹ́rẹ́ Botox sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì. Láàárín ọjọ́ mẹ́wàá, ìrora lọ. Ẹni tó bá lówó kó lọ gbà á.

Arìnrìnòru

Ẹ̀gbọ́n, ṣé ó lọ pátápátá?

Kánmọ́kánmọ́

Ó lọ fún oṣù mẹ́ta àti díẹ̀. Ó padà. Mo tún gbà á. Ìyẹn náà lọ, ó padà. Nígbà kẹta, ẹ̀rín mi wọ́ sápá kan fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹran tó le díẹ̀ ń rẹ ẹnu mi kí n tó jẹ ẹ́ tán. Mi ò tíì gba ẹlẹ́ẹ̀kẹrin. Ṣùgbọ́n ó ṣiṣẹ́ nígbà tó ṣiṣẹ́, mi ò lè purọ́.

Ọwọ́Ẹ̀rọ̀

Físíò ni mí, ẹni tó ń fi ọwọ́ àti eré ìdárayá tọ́jú ara, àgbọ̀n àti ọrùn sì ni mo ń fi ọwọ́ kàn jù lójúmọ́. Kánmọ́kánmọ́, ẹ ṣé tí ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí. Ohun tí Botox ń ṣe ni pé ó ń sọ iṣan di aláìlágbára fún ìgbà díẹ̀. Kò kọ́ ẹnu ní ìwà tuntun, nítorí náà bí agbára bá ti padà, ìwà àtijọ́ á padà.

Ẹnudídì, ẹ jẹ́ kí n fi ohun tí mo máa ṣe hàn yín bí ẹ bá wọlé sọ́dọ̀ mi. Mo kọ́kọ́ máa ní kí ẹ jókòó níwájú dígí. Mo máa fa ìlà kan láti àárín eyín iwájú òkè, mo máa ní kí ẹ lanu, kí n wò ó bóyá àgbọ̀n ń bọ̀ tààrà tàbí ó ń yà sápá kan bí ejò. Ọ̀pọ̀ kò mọ̀ pé tiwọn ń yà títí wọ́n á fi rí i. Lẹ́yìn náà, màá wọ ìbọ̀wọ́, màá fi àtàńpàkò sínú ẹ̀rẹ̀kẹ́, ìka kejì síta, màá wá ibi tó dì bíi kókó nínú iṣan. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́ báyìí, àwọn mìíràn á ní, “Haa, orí mi ló fò yẹn!” Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀fọ́rí wọn ti ń wá. Mo máa ń tẹ̀ ẹ́ dúró títí yóò fi rọ̀ lábẹ́ ọwọ́, kì í ju ìṣẹ́jú kan àbọ̀ lọ.

Ohun tí ẹ lè máa ṣe nílé: ẹ sọ “n” sínú. Ibi tí orí ahọ́n yín fara kan lájà ẹnu lẹ́yìn eyín iwájú yẹn, kó máa gbé ibẹ̀. Ètè pàdé, eyín pínyà. Ibi tó yẹ kí ẹnu sinmi sí nìyẹn, tí ẹ kò bá jẹun tí ẹ kò sì sọ̀rọ̀. Kí ahọ́n wà níbẹ̀, kí ẹ lanu díẹ̀díẹ̀ títí dé ibi tí ahọ́n fẹ́ já, kí ẹ pa á dé. Ẹ̀ẹ̀mẹ́fà, ìgbà mẹ́fà lójúmọ́. Bí ẹ bá ti fi aṣọ gbígbóná sí i, ẹ fi àtàńpàkò gbé eyín òkè, ìka ìtọ́ka tẹ eyín ìsàlẹ̀, kí ẹ fà á bí ẹni ń ṣí àlùmọ́gàjí, ìṣẹ́jú àáyá 30, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Kó fà yín, kó má gún yín. Bó bá gún yín, ẹ ti lọ jù. Ohun tí a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Iṣan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni wọ́n tìtorí ẹ̀ pa òwe yẹn, lójú tèmi.

ÌyáÌbejì

Kò sẹ́ni tó dárúkọ ike tí wọ́n ń fi sẹ́nu sùn. Mo ti ń lò ó láti ọdún 4. Dókítà mi gba ẹ̀dà eyín mi, wọ́n fi ike líle tó bo gbogbo eyín òkè ṣe é. Alẹ́ àkọ́kọ́, itọ́ dà bí omi, mo jù ú sábẹ́ ìrọ̀rí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ó mọ́ mi lára. Àárọ̀ mi ti yàtọ̀. Mo sì lè fi ojú mi rí i bí mo ṣe ń gé e jẹ lóru: ó ti ní ihò méjì báyìí. Ẹ wo eyín tí ìyẹn ìbá jẹ́!

Akàwé

Ìyá Ìbejì, mo gbọ́ yín, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a fi ohun tí wọ́n kọ síbí. Ìwé ìròyìn ìṣègùn BMJ gbé ìlànà kan jáde ní 2023 fún ìrora àgbọ̀n tó ti lé lóṣù mẹ́ta. Ohun tí wọ́n fọwọ́ sọ̀yà lé lórí ni irú ohun tí Ọwọ́Ẹ̀rọ̀ ń ṣe: kí oníṣègùn fọwọ́ rọ oríkèé, kó tẹ kókó inú iṣan, kó máa tọ́ ẹni náà sọ́nà nídìí eré ìdárayá àgbọ̀n àti ti ìjókòó. Wọ́n tún fi ìtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ kún un, èyí tí wọ́n fi ń kọ́ èèyàn bí yóò ṣe máa bá ìrora àti ìrònú rẹ̀ lò, àti àwọn ohun tí à ń ṣe nílé pẹ̀lú àlàyé tó yé èèyàn. Akupọ́ńṣọ̀, ìyẹn fífi abẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ gún ara, wà lára èyí tí wọ́n ní ó ṣeé gbìyànjú. Ike tó ṣeé yọ, Botox, fífi abẹ́rẹ́ fọ inú oríkèé, oògùn gabapentin, iná laser, gbogbo ìyẹn ni wọ́n ní àwọn kò fi bẹ́ẹ̀ gbà níyànjú. Èyí tí wọ́n ní kí a sá fún pátápátá ni ike tó ń yí bí eyín ṣe ń pàdé padà láìṣeé tún ṣe, yíyọ tìmùtìmù kúrò, àti pípa oògùn ìrora bí ibuprofen pọ̀ mọ́ opioid, ìyẹn oògùn ìrora líle bíi morphine.

ÌyáÌbejì

Akàwé, ìwé yín kọ́ ló ń sùn sórí ibùsùn mi. Tèmi ń ṣiṣẹ́ fún mi.

BàbáEyín

Ẹ̀yin méjèèjì kò jìnnà síra yín. “A kò fi bẹ́ẹ̀ gbà á níyànjú” yàtọ̀ sí “ẹ má ṣe é”. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé, bí wọ́n bá ṣàlàyé èrè àti àdánù rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ èèyàn, púpọ̀ nínú wọn kò ní yàn án, àwọn kan á sì yàn án. Iṣẹ́ méjì ni ike yẹn sì ń ṣe. Ti ìrora, ẹ̀rí rẹ̀ kò lágbára. Ti kí eyín má baà jẹ ara rẹ̀ tán lọ́wọ́ ẹni tó ń payínkeke, mo fara mọ́ Ìyá Ìbejì. Kó bo gbogbo eyín apá kan, òkè tàbí ìsàlẹ̀, kó jẹ́ ti alẹ́ nìkan, kí dókítà sì máa yẹ̀ ẹ́ wò. Èyí tó bo eyín iwájú nìkan ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Mo ti rí ẹni tó lò ó tọ̀sán tòru fún ọdún kan, eyín ẹ̀yìn ń hù bọ̀, tí iwájú kò fi lè pàdé mọ́. Ẹni náà kò lè gé bébà já. Ìrora tó gbé wá ti lọ tán, ó wá ku ẹnu tí kò ṣeé jẹun.

Ní ti iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi dẹ́rù bà yín, Ẹnudídì: kò sí ohun tó ń jẹ́ “ha eyín báyìí kí a má baà là ọ́”. Iṣẹ́ abẹ wà fún ẹni tí oríkèé rẹ̀ ti bàjẹ́, tó lẹ̀ pọ̀, tàbí tó há tí ìtọ́jú mìíràn kò ṣí i. Àwọn kan máa ń fi abẹ́rẹ́ méjì fọ inú rẹ̀ pẹ̀lú omi iyọ̀, àwọn kan ń fi ẹ̀rọ tẹ́ẹ́rẹ́ wọ inú rẹ̀ lọ wò ó, ó sì tún kan ẹni tí wọ́n ń pààrọ̀ gbogbo oríkèé fún. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ti dára ju ti àtijọ́ lọ. Láàárín ọdún 1980 sí 1990, wọ́n ń fi ohun kan tí wọ́n ń pè ní Proplast-Teflon rọ́pò tìmùtìmù ní Amẹ́ríkà. Ó ń rún wẹ́wẹ́ bí wọ́n ti ń fi jẹun, ara ń bá èérún yẹn jà, ìjà náà ń jẹ egungun títí kan agbárí lókè. Nígbà tí FDA, àjọ tó ń ṣọ́ oògùn àti ẹ̀rọ ìṣègùn níbẹ̀, fi máa kìlọ̀ tí wọ́n sì kó o kúrò lọ́jà ní nǹkan bí 1990, ó ti wà lára ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn, obìnrin ló sì pọ̀ jù. Ẹni tó bá ń ṣe iṣẹ́ yìí tí kò rántí ìyẹn, ẹ má jẹ́ kó fọwọ́ kàn yín.

Tinúmi

Ẹ dárí jì mí, “ìtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ” yẹn mú inú bí mi díẹ̀. Dókítà méjì ló ti sọ fún mi pé inú orí mi ni ìrora mi wà. Ti etí ní ti eyín ni, ti eyín ní ti ọkàn ni. Mo ń lọ mo ń bọ̀ bíi bọ́ọ̀lù.

Ọwọ́Ẹ̀rọ̀

Tinúmi, inú á bí mi náà. Ìwádìí ńlá tí National Academies, àjọ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, ṣe ní Amẹ́ríkà ní 2020 sọ ohun tí ẹ sọ yìí gẹ́lẹ́: pé oníṣègùn eyín dúró lápá kan, dókítà yòókù lápá kejì, aláìsàn sì ń já sáàárín. Ìrora yín kì í ṣe àròsọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo ara yín nígbà tí ẹnìkan bá ń bú yín lórí fóònù. Ibo ni eyín yín wà? Ohun tí ìtọ́jú yẹn ń bójú tó nìyẹn: ìdààmú, oorun tí kò tó, ìbẹ̀rù pé bóyá oríkèé ń bàjẹ́ lọ. Gbogbo wọn ń di iṣan mọ́ra.

Arìnrìnòru

Ìyẹn kàn mí o. Láti ìgbà tí wọ́n ti fún mi ní oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn lọ́dún tó kọjá ni èmi ti bẹ̀rẹ̀ sí í jí pẹ̀lú eyín tó ń ro. Ṣé ó lè jẹ́ òun?

BàbáEyín

Ó lè jẹ́ òun. Àwọn kan nínú oògùn wọ̀nyẹn máa ń mú èèyàn payínkeke. Ẹ má dá a dúró fúnra yín o, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ sọ fún dókítà tó kọ ọ́, ó lè dín in kù, ó sì lè pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ tún bi ẹni tí ẹ jọ ń gbé bóyá ẹ̀ ń hanrun, tí èémí yín sì ń dúró lójú oorun. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ sọ ìyẹn náà fún un.

ỌmọÀgbà

Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan kún un, torí àwọn tó bá kà á lẹ́yìn wa. Màmá mi ti lé ní 70. Bó bá jẹun díẹ̀, àgbọ̀n á rẹ̀ ẹ́, á dúró, á sinmi, á tún bẹ̀rẹ̀. Gbogbo wa rò pé eyín àtọwọ́dá rẹ̀ ló fà á. Nígbà tó yá, kò jẹ́ kí a fi kóòmù kan orí òun mọ́, ó ní awọ orí ń dun òun lẹ́bàá ẹ̀bátí. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan ó ní ojú kan ṣú fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ó sì padà. Nọ́ọ̀sì kan tó jẹ́ aládùúgbò ló gbọ́, tó ní kí a gbé e ní báyìí báyìí. Òpójẹ̀ ẹ̀bátí ló ń wú. Wọ́n fún un ní oògùn steroid lọ́jọ́ náà gan-an, wọn kò dúró de èsì àyẹ̀wò. Dókítà ní bó bá pẹ́ sí i, ojú lè fọ́, kì í sì í padà. Ojú rẹ̀ wà títí dòní.

BàbáEyín

Ẹ ṣeun tí ẹ mú un wá. Ẹni tó bá ti lé ní 50, tí àgbọ̀n ń rẹ̀ nígbà tó bá ń jẹun, tí ẹ̀fọ́rí tuntun ń ṣe é, tí ojú ń ṣú: ọjọ́ kan náà ni kí ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn. Àgbọ̀n tó ń dùn nígbà tí èèyàn bá ń gun àtẹ̀gùn tó sì ń dáwọ́ dúró bó bá sinmi, ọkàn ni kí wọ́n yẹ̀ wò. Ẹnu tó là tí kò lè pa dé mọ́, àgbọ̀n ti yẹ̀ nìyẹn, ilé ìwòsàn ni, kí ẹnikẹ́ni má fi ọwọ́ lásán ti i nílé.

Ẹnudídì

Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ti kọjá, mo ní kí n má ṣe bí àwọn tó ń béèrè tí wọ́n sì ń pòórá.

Mi ò ha eyín kankan. Mo wá físíò kan, mo ti lọ lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ó fi rúlà wọn ẹnu mi, mìlímítà 29. Ó fi ìka wọlé, ó tẹ ibì kan lẹ́yìn ẹ̀rẹ̀kẹ́, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gé e jẹ. Etí tí wọ́n ń kán oògùn sí fún ọ̀sẹ̀ méjì, ibẹ̀ ni ìrora rẹ̀ ti ń wá!

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù kì í ṣe ìyẹn. Ó ní kí n fi aago sí fóònù, kó máa dún ní wákàtí wákàtí, bó bá ti dún kí n yẹ eyín mi wò kí n tó ṣe ohunkóhun. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, nínú ẹ̀ẹ̀mejìlá tó dún, ẹ̀ẹ̀mẹ́sàn-án ni mo bá eyín mi níbi tí wọ́n ti di mọ́ra bí ẹni ń gbé ẹrù. Mò ń ka lẹ́tà lásán! Mò ń dúró de kí omi hó! Mo rò pé òru nìkan ni. Mo wá rí i pé mo ti ń fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ di alẹ́ láìgba owó oṣù rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kẹta ni ìrora àárọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Ọ̀sẹ̀ karùn-ún ó tún gbóná fún ọjọ́ mẹ́rin nítorí wàhálà kan níbi iṣẹ́, ẹ̀rù bà mí, ṣùgbọ́n físíò ní bẹ́ẹ̀ ló máa ń lọ sókè sódò. Ní ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn, ó wọn ọ́n: mìlímítà 41. Ìka mẹ́ta ń wọlé. Ẹ̀bátí ṣì ń fọ́ mi lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kò tó nǹkan. Mo lo ibuprofen ọjọ́ márùn-ún péré. Dókítà eyín tuntun tí mo lọ bá wo eyín mi, ó ní àwọn méjì ti ń jẹ díẹ̀ lórí, ó ń ṣe ike alẹ́ fún mi nítorí ìyẹn, kì í ṣe nítorí ìrora. Ìyá Ìbejì, ẹ bá mi sọ bí wọ́n ṣe ń fọ̀ ọ́.

ÌyáÌbejì

Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ àti omi tútù pẹ̀lú ọṣẹ díẹ̀. Ẹ má fi omi gbígbóná kàn án, á wọ́. Ẹ má sì fi bébà wé e sórí tábìlì o, mo ti fi ọwọ́ ara mi dà á nù rí.

Arìnrìnòru

Inú mi dùn. Dókítà mi ti pààrọ̀ oògùn mi, a ṣì ń wò ó. Aago yẹn, báwo lẹ ṣe ń ṣe é níbi iṣẹ́ tí kò fi ń yọ àwọn mìíràn lẹ́nu?

Ẹnudídì

Mo ti pa á. Mo kọ “ètè pàdé, eyín pínyà” sórí bébà pélébé kan, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ igun kọ̀ǹpútà. Ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bi mí lẹ́ẹ̀mejì bóyá àdúrà ni. Kọ́ yẹn náà ṣì ń dún bí mo bá yán. Nígbà tí mi ò lè lanu dáadáa, kò dún sókè tó bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ ilé ò gbọ́ ọ mọ́. Ní báyìí wọ́n ti tún bẹ̀rẹ̀ yẹ̀yẹ́ wọn láti yàrá kejì.